Ìfúnpá ojú sọ̀kalẹ̀, ìríran ṣì ń bàjẹ́: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní glọkómà

Aránṣọ ni obìnrin náà, ẹni ọdún 44. Ohun tó gbé e dé ilé ìwòsàn ojú ni pé okùn kò wọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ní bí òun bá ti tẹjú mọ́ ṣóńṣó okùn, abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á kàn pòórá, bí òun bá sì gbójú kúrò, á tún yọ. Ó ti pààrọ̀ awò ojú lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní òun kò rí ojú abẹ́rẹ́, awò ìkàwé ni ọkàn oníṣègùn máa ń lọ sí tààrà. Ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀ ni pé "kò rí ohun tó wà nítòsí dáadáa". Abẹ́rẹ́ tó ń pòórá kò wọ ìwé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà.

Ojú ọ̀tún ka 6/6, ìyẹn ìríran tó pé, ti òsì ka 6/9; bí nọ́ńbà kejì bá ṣe ń tóbi ni ìríran ṣe ń dín kù. Ẹ̀rọ Goldmann, tó ń wọn ìfúnpá inú ojú, kà 18 mmHg lọ́tùn-ún, 17 lósì. Kọ́níà rẹ̀, awọ dídán tó bo iwájú ojú, fẹ́lẹ́, 508 µm àti 511 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn wà ní nǹkan bí 540. Ìyẹn ni pé ìfúnpá inú ojú lè ga díẹ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ kà. Igun inú ojú, níbi tí omi ojú ń gbà jáde, là sílẹ̀ gbayawu. Dísìkì iṣan ìríran, ibi tí iṣan náà ti ń jáde lẹ́yìn ojú, tóbi, 2.2 mm lóòró, kọ́ọ̀pù inú rẹ̀, ìyẹn kòtò àárín rẹ̀, sì jẹ́ 0.7 ìwọ̀n dísìkì lójú méjèèjì. Bàbá rẹ̀ fọ́jú lọ́jọ́ ogbó, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò sì mọ ohun tó fà á.

Bí ẹ bá to gbogbo èyí pọ̀, glọkómà, àìsàn tó ń jẹ iṣan ìríran, irú èyí tí ìfúnpá rẹ̀ kò ga, ni yóò wá sí yín lọ́kàn. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i kò hùwà òmùgọ̀. Kọ́ọ̀pù ńlá, kọ́níà fẹ́lẹ́, bàbá tó fọ́jú: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń ti ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà kan náà. Ohun tí wọn kò rò ni pé dísìkì tó bá tóbi, kọ́ọ̀pù rẹ̀ náà máa ń tóbi láìsí àìsàn kankan, nítorí iye fọ́nrán iṣan tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti dísìkì kékeré, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Kọ́ọ̀pù 0.7 nínú dísìkì 2.2 mm lè jẹ́ bí Ọlọ́run ṣe dá ẹni náà.

Wọ́n ya OCT, àwòrán tí ẹ̀rọ ń fi ìmọ́lẹ̀ yà láti fi àwọn ìpele ẹ̀yìn ojú hàn. Ẹ̀rọ náà ń wọn ìnípọn ìpele fọ́nrán iṣan, tí ìwé àyẹ̀wò ń pè ní RNFL, lórí òbírí tó yí dísìkì ká, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 3.46 mm. Àròpín ojú ọ̀tún jẹ́ 84 µm, ti òsì 79, èyí tí ẹ̀rọ kùn ní àwọ̀ ìyeyè (ewé ni pé ó dára, ìyeyè pé ó wà létí ààlà, pupa pé ó kéré jù). Ojú àwọ̀ yìí ni gbogbo ènìyàn wò. Ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú òsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò rí olùkàwé: òkè 108, ìsàlẹ̀ 109, méjèèjì ní àwọ̀ ewé, ìhà imú 56, àwọ̀ ìyeyè, ìhà ẹ̀bátí 43, pupa. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni glọkómà sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí ibẹ̀ ni fọ́nrán pọ̀ sí jù. Àìsàn tó fi òkè àti ìsàlẹ̀ sílẹ̀, tó wá ń jẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibòmíràn ló ti ń bọ̀.

Àléébù kan tún wà lára àwòrán yẹn, òun ló sì da ọ̀rọ̀ rú fún oṣù púpọ̀. Agbára àmì rẹ̀ lójú òsì jẹ́ 5 nínú 10. Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n lò, 6 ni ó kéré jù tí èèyàn lè gbára lé. Ìdí rẹ̀ kò le: wọ́n ti kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora àti àwọ̀ fluorescein sí i lójú, wọ́n ti gbé Goldmann lé kọ́níà, kí wọ́n tó gbé e lọ sídìí OCT. Ojú kọ́níà ti gbẹ, ó ti rí ṣákaṣàka. Àmì tí kò lágbára máa ń mú kí RNFL dà bí èyí tó fẹ́lẹ́ ju bó ṣe rí lọ. Nítorí náà 79 yẹn kéré ju òótọ́ lọ, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń fi àwọn tó kù wé. Nígbà tó yá tí wọ́n rí 74 pẹ̀lú àmì 8, wọ́n ní ìyàtọ̀ 5 µm kò tó nǹkan. Ìyàtọ̀ tòótọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán tó dára, ẹ ya OCT kí ohunkóhun tó kan kọ́níà, ẹ jẹ́ kí aláìsàn ṣẹ́jú dáadáa, ẹ kán omijé àtọwọ́dá kan sí i bí ojú bá gbẹ, kí ẹ sì tún un yà lójú ẹsẹ̀ bí àmì bá kéré. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Àyẹ̀wò fíìdì, ìyẹn bí ojú ṣe ń ríran yí ká, tí wọ́n ṣe ni 24-2, tó ń dán ojúkò 54 wò pẹ̀lú àlàfo ìwọ̀n 6 láàárín wọn. Àròpín ìpàdánù, MD, jẹ́ −2.3 dB lọ́tùn-ún àti −4.1 lósì; bó bá ṣe jìn sísàlẹ̀ òdo tó ni ìríran ṣe bàjẹ́ tó. Lójú òsì, àwọn ojúkò tó ṣókùnkùn wà lókè, wọ́n sì kọ ọ́ pé "àbùkù òkè, ó bá glọkómà mu". Òkè lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkè ìhà ẹ̀bátí ni. Glọkómà máa ń bọ̀wọ̀ fún ìlà ìbú tó pín òkè sí ìsàlẹ̀, ó sì fẹ́ràn ìhà imú. Ti obìnrin yìí dúró gbọnin sí ìlà òòró. Lójú ọ̀tún, ojúkò mẹ́rin péré ló rẹ̀wẹ̀sì, ní òkè ìhà ẹ̀bátí bákan náà, wọ́n sì kà á sí pé aláìsàn ti rẹ̀ ẹ́. Ìwé ojú ọ̀tún wà lẹ́yìn ìwé ojú òsì nínú fáìlì, wọ́n fi pín-ìn-nì de wọ́n pọ̀. Fún oṣù 14, kò sí ẹni tó tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Wọ́n fi latanoprost, oògùn ojú tó ń mú ìfúnpá sọ̀kalẹ̀, sí i lálaalẹ́. Oògùn náà ṣiṣẹ́: ní oṣù kẹjọ, ìfúnpá ti di 13 àti 12. Ṣùgbọ́n MD ojú òsì ti di −7.8, RNFL rẹ̀ ti di 74. Ìdáhùn wọn ni pé ìfúnpá náà kò tíì lọ sílẹ̀ tó, wọ́n bá fi timolol, oògùn ìfúnpá mìíràn, kún un lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ní oṣù 14, ìfúnpá jẹ́ 11 lójú méjèèjì. Ojú òsì wá ń ka 6/18, ọ̀tún 6/9. MD òsì −12.3, ọ̀tún −5.2. RNFL òsì 66, ọ̀tún 76. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ trabeculectomy, èyí tó ń la ọ̀nà tuntun fún omi inú ojú láti jáde.

Ọ̀nà tí timolol gbà ṣì wọ́n lọ́nà yẹ ká dúró lé lórí. Láàárín oṣù méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, obìnrin náà ní ó ń rẹ òun, òun kò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́. Timolol lè fa àárẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń mú kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbà pé òun ni, wọ́n dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, wọn kò sì wádìí mọ́. Àárẹ̀ náà kò lọ.

Dókítà kejì, tí wọ́n rán an sí fún iṣẹ́ abẹ, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kò lo ẹ̀rọ tuntun kankan. Ohun tó ṣe ni pé ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà OCT, ó ṣí àwọn àwòrán àtijọ́. Òṣìṣẹ́ tó ń ya àwòrán ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ti ń tẹ̀lé ìlànà láti ọjọ́ kìíní: ó ń ya dísìkì, ó sì ń ya makúlà, àárín ẹ̀yìn ojú tí a fi ń rí nǹkan kedere. Ojú ìwé dísìkì nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ jáde. Ti makúlà wà nínú ẹ̀rọ láìsí ẹni tó bojú wò ó.

Lórí àwòrán makúlà, ẹ̀rọ yẹn ń ka ìnípọn ìpele sẹ́ẹ̀lì ganglion, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí fọ́nrán iṣan ìríran ti ń yọ, pọ̀ mọ́ ìpele tó tẹ̀lé e, ó sì ń pín in sí ìdá mẹ́fà yí àárín ká. Ti ojú òsì lọ́jọ́ kìíní rí báyìí: òkè ìhà imú 64 µm, ìsàlẹ̀ ìhà imú 61; òkè ìhà ẹ̀bátí 80, ìsàlẹ̀ ìhà ẹ̀bátí 81. Ojú ọ̀tún tẹ̀lé e, àmọ́ kò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀: 72 àti 69 ní ìhà imú, 82 ní ìhà ẹ̀bátí. Lórí máàpù aláwọ̀, pupa tó wà ní ìhà imú ojú kọ̀ọ̀kan gé dúró lórí ìlà òòró tó gba àárín makúlà kọjá, bí ìgbà tí èèyàn fi rúlà fà á. Glọkómà kì í gé báyẹn. Bó bá dé makúlà, ìhà ẹ̀bátí ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, pàápàá ní ìsàlẹ̀, orí ìlà ìbú ni ààlà rẹ̀ sì máa ń wà.

Ìtúmọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Fọ́nrán tó ti ìdajì rẹ́tínà (awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀) ní ìhà imú wá máa ń sọdá sí apá kejì ní ìkóríta tí iṣan ìríran méjèèjì ti pàdé nínú orí. Ti ìhà ẹ̀bátí kì í sọdá. Ohun tó bá tẹ ìkóríta náà láàárín, àwọn tó ń sọdá ló máa pa lára lójú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti ìsàlẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àwọn fọ́nrán ìsàlẹ̀ ìhà imú ló kọ́kọ́ ń jìyà, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé òkè ìhà ẹ̀bátí ni fíìdì ti kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ìdí tí RNFL fi fẹ́lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dísìkì náà nìyẹn: fọ́nrán ìdajì ìhà imú ń gba ẹ̀gbẹ́ imú wọlé, àwọn tó wà láàárín makúlà sí dísìkì sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀bátí wọlé. Àwọn tó ń gba òkè àti ìsàlẹ̀ wọlé, ìhà ẹ̀bátí rẹ́tínà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀, wọn kò sì sọdá. Abẹ́rẹ́ tó ń pòórá náà wà nínú rẹ̀: bí ojú méjèèjì bá yí sínú láti wo ohun tó sún mọ́ni, àwọn apá tó fọ́ ní ìhà ẹ̀bátí á pàdé lẹ́yìn ohun tí a tẹjú mọ́, ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ kò ní hàn.

Dókítà náà tún ojú yẹ̀ wò kí ó tó la ọmọlójú rẹ̀. Ìwé àwọ̀ Ishihara: ojú ọ̀tún ka 11 nínú 14, òsì ka 5. Ẹni tí glọkómà rẹ̀ ṣì wà ní ìpele yìí kì í sábà pàdánù àwọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìdérí ìgò pupa méjì sókè, ọ̀kan ní ìhà imú, ọ̀kan ní ìhà ẹ̀bátí, ó bi í pé èwo ló pupa jù. Ti ìhà ẹ̀bátí ti ṣá lójú rẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ó fi tọ́ọ̀ṣì ṣe àyẹ̀wò ọmọlójú, ti òsì lọ́ra díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wo dísìkì pẹ̀lú lẹ́ǹsì 78: etí dísìkì tó kù lẹ́yìn kọ́ọ̀pù funfun, ó ṣì nípọn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Etí tí glọkómà ń jẹ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó bá ṣẹ́ kù sì máa ń pọ́n. Bí etí bá ṣá ju bí kọ́ọ̀pù ṣe jìn lọ, ẹ fura. Fọ́tò dísìkì ọjọ́ kìíní ti fi ìṣáwọ̀ díẹ̀ hàn ní ìhà ẹ̀bátí, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà ti pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ ló funfun.

Ó wá béèrè ohun tí ilé ìwòsàn ojú kì í sábà béèrè: "Mà, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?" Ó ti lé lọ́dún kan ààbọ̀. Obìnrin náà rò pé àsìkò ìdáwọ́dúró rẹ̀ ló yá. Orí ń fọ́ ọ níwájú, ó ń lo oògùn ìrora sí i.

Ìwé tí wọ́n fi béèrè MRI, àwòrán inú orí, tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kọ "MRI ọpọlọ, orí fífọ́". Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè mú kí wọ́n gé àwòrán ní ìpele 5 mm láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ìkóríta iṣan ìríran yóò bọ́ sáàárín ìpele méjì. Dókítà náà fa ìlà sí i, ó tún un kọ pé: a fura pé nǹkan ń tẹ ìkóríta iṣan ìríran, ẹ wo ẹṣẹ́ pituitary àti ìkóríta náà, ìpele tín-ín-rín tí kò ju 3 mm, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú àti láìsí gadolinium, oògùn tó ń mú àwòrán hàn kedere. Ó so àwòrán fíìdì méjèèjì mọ́ ọn. Èsì jáde: kókó ẹṣẹ́ pituitary, ẹṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ, tó ga tó 24 mm, tó ti gbé ìkóríta náà sókè, tó sì nà án fẹ́lẹ́. Èyí tó bá ti lé ní 10 mm ni wọ́n ń kà sí ńlá. Kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi prolactin, họ́mọ̀nù tí ẹṣẹ́ náà ń mú jáde, hàn ní 68 ng/mL. Ó ga díẹ̀, ṣùgbọ́n kókó tó tóbi tó báyìí, bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe prolactin, iye tó ń mú jáde sábà máa ń fi ìlọ́po púpọ̀ jùyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ìdẹkùn kan wà níbẹ̀: bí prolactin bá pọ̀ kọjá ààlà, ó lè bo àwọn èròjà àyẹ̀wò mọ́lẹ̀ kí èsì wá kéré. Wọ́n fi omi la ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n tún un yẹ̀ wò, iye rẹ̀ kò yí. Ó hàn pé títẹ̀ tí kókó náà tẹ igi ẹṣẹ́ pituitary ló gbé e sókè, kì í ṣe kókó tí cabergoline, oògùn tó ń dín prolactin kù, máa rọ̀. Cortisol òwúrọ̀ kéré, thyroxine náà kéré; họ́mọ̀nù méjèèjì wà lára ohun tí ẹṣẹ́ pituitary ń darí. Ìdí àárẹ̀ nìyẹn, timolol kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ hydrocortisone, oògùn tó ń rọ́pò cortisol, kí wọ́n tó fi thyroxine kún un, nítorí ẹni tí cortisol rẹ̀ kò tó, tí wọ́n bá kọ́kọ́ fún un ní thyroxine, ara rẹ̀ lè dojú dé lójijì.

Wọ́n gba ihò imú wọlé yọ kókó náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, obìnrin náà ti ń rí ọwọ́ tí wọ́n jù láti ẹ̀gbẹ́. Ní oṣù kẹta, ojú òsì ka 6/9, Ishihara 12, MD ti padà sí −6.3, ti ọ̀tún −1.9. Wọ́n ti dá oògùn ojú méjèèjì dúró, ìfúnpá sì padà sí 17 àti 18 tó wà tẹ́lẹ̀.

Ibí yìí ni àṣìṣe kejì ti fẹ́ wọlé. OCT oṣù kẹta kà 62 lójú òsì, tó jẹ́ 66 kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ kọ ọ́ ní pupa pé ìpàdánù ń lọ. Dókítà mìíràn tó rí i lọ́jọ́ yẹn dá latanoprost padà: ìfúnpá ti gòkè, iṣan sì ń fẹ́lẹ́, kí ló tún kù? Ohun tó kù ni àkókò. Fọ́nrán tó ti kú ní ìkóríta máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan kí ara tó kó o kúrò ní rẹ́tínà. Iye tí OCT ń kà lónìí, ìjàǹbá tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ló ń sọ. Fíìdì sì lè yá kánkán, nítorí fọ́nrán tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò tíì kú máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà bí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀. Fíìdì ń gòkè, RNFL ń sọ̀kalẹ̀: lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, àwọn méjèèjì kò ta ko ara wọn. Wọ́n dá latanoprost dúró lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní oṣù kẹsàn-án RNFL òsì jẹ́ 60, ọ̀tún 73, ibẹ̀ náà ló wà ní oṣù 18. OCT oṣù kẹsàn-án ni wọ́n wá fi ṣe ìpìlẹ̀ tuntun nínú ẹ̀rọ. Wọ́n yọ àwọn ti tẹ́lẹ̀ kúrò nínú ìṣirò ìyípadà, wọn kò pa wọ́n rẹ́.

Ṣé kò wá ní glọkómà rárá? Lọ́jọ́ kìíní, ìdá òkè àti ti ìsàlẹ̀ RNFL rẹ̀ wà ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kọ́níà rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́, bàbá rẹ̀ sì fọ́jú. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà láìsí oògùn. Níwọ̀n bí RNFL òsì ti wà ní 60, tí òṣùwọ̀n ẹ̀rọ sì máa ń kan ilẹ̀ ní nǹkan bí 50 sí 55, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ àti àsopọ̀ tí kì í ṣe fọ́nrán, àlàfo tó kù láti fi rí ìyípadà kéré. Lójú yẹn, fíìdì ni wọ́n yóò gbára lé jù.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní glọkómà tí ìfúnpá rẹ̀ kò ga ló yẹ fún MRI. Ìwádìí Greenfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1998 tọ́ka sí àwọn tó yẹ ká fura sí: ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, ẹni tí ìríran àárín rẹ̀ kò tó 6/12, ẹni tí àbùkù fíìdì rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà òòró, àti ẹni tí etí dísìkì rẹ̀ ṣá. Obìnrin yìí ní mẹ́ta lọ́jọ́ kìíní bí wọ́n bá wò ó dáadáa, ó sì pé mẹ́rin ní oṣù 14. Ẹ tẹ ojú ìwé makúlà jáde pẹ̀lú ti dísìkì nígbà gbogbo. Ẹ to fíìdì ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì, bí aláìsàn ṣe ń rí ayé. Bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta tí fíìdì ṣì ń yára bàjẹ́ láàárín oṣù, ẹ tún ìdánilójú yín yẹ̀ wò kí ẹ tó fi ìgò oògùn kejì kún un.

Ohun kan wà tó lè tan yín jẹ lódìkejì. Dísìkì tó dagun, irú èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò rí ọ̀ọ́kán, lè fa àbùkù ní òkè ìhà ẹ̀bátí lójú méjèèjì pẹ̀lú. Tirẹ̀ kì í dúró lórí ìlà òòró, ó máa ń yọ́ kọjá sí apá kejì, ó sì sábà máa ń dín kù bí wọ́n bá fi lẹ́ǹsì tó bá ibi tó rì nínú rẹ́tínà mu sí i. Lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi lẹ́ǹsì náà sí i, ẹ tún fíìdì ṣe, kí ẹ tó kọ ìwé MRI.